Níbo Lẹ Wà Báyìí? Fóònù, Àdírẹ́sì àti Káràkátà ní Alímọ̀ṣọ́

 Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí fóònù ṣe ń mọ ibi tí èèyàn wà, àti ohun tí ìmọ̀ yẹn ń ṣe fún ọjà títà. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún àwọn tó pè mí pé n kò ní sọ ọ́ bí ẹni tó ń polówó fóònù. Ọ̀rọ̀ Alímọ̀ṣọ́ wa ní Èkó ni màá sọ.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìpè kan tí gbogbo wa ti pè rí, tàbí tí wọ́n ti pè wá rí. Ọmọ dísípáàsì kan ti dé Ẹgbẹ́dá, ó pe ìyá tó ra ọjà.

"Ẹ káàsán mà, mo ti wà ládùúgbò yín. Níbo gan-an ni?"

"Ṣé o ti dé Orelope?"

"Mo ti kọjá ibẹ̀, mà."

"Háà! O ti kọjá wa nìyẹn. Yí padà. Wàá rí mọ́ṣáláṣí kan lọ́wọ́ òsì, má yà níbẹ̀ o. Èyí tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ti ń ta búlọ́ọ̀kù, ibẹ̀ ni kó o yà. Tó o bá rìn síwájú díẹ̀, bèèrè ilé Ìyá Sàídì."

"Mà, máàpù ní kí n wọ inú gọ́tà."

"Fi máàpù yẹn sílẹ̀ jàre, gbọ́ ohun tí mò ń wí!"

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ohun tó wà nínú ìpè yẹn. Owó káàdì wà níbẹ̀, lọ́dọ̀ ọmọ náà àti lọ́dọ̀ ìyá náà. Epo tó jó nígbà tó ń yí padà wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ oúnjẹ ló gbé, ó ti ń tutù. Oníbàárà mìíràn tó wà ní Ìdímù ti ń bínú, nítorí òun ló kàn. Gbogbo owó yìí, ẹnì kan ń san án, ẹni náà kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ni áàpù. Ọmọ tó gun ọ̀kadà ló ń san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Báwo ni fóònù tiẹ̀ ṣe ń mọ ibi tí a wà? Ọ̀nà mẹ́ta ló sábà máa ń gbà, ó sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Èyí tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀ ni GPS. Iṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni. Sátẹ́láìtì tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 24 ló ń yí ayé ká ní òkè tó tó 20,200 kìlómítà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gbé aago tí kì í ṣìnà dání. Ohun tí wọ́n ń sọ kò pọ̀: èmi rèé, ibi báyìí ni mo wà, aago báyìí ló lù. Fóònù á gbọ́ ti mẹ́rin ó kéré tán, á wo bí ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó kó tó dé etí òun, á fi ìyẹn ṣírò ibi tí òun wà. Aago ni gbogbo ọgbọ́n náà. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, tí aago wá fi ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ṣìnà, ibi tí a wà ti yẹ̀ pẹ̀lú 300 mítà nìyẹn. Èèyàn á wà lẹ́nu géètì rẹ̀, fóònù á ní ó wà ní òpópónà kẹta.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ń da àmì yìí rú fún àwa mẹ̀kúnnù, tó fi jẹ́ pé ó lè fi bí 100 mítà ṣì wá lọ́nà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, lábẹ́ Ààrẹ Bill Clinton, wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni káràkátà orí máàpù ti rí ẹsẹ̀ fi dúró. Lónìí, fóònù tó wà lábẹ́ ọ̀run tí nǹkan kò bò lè mọ ibi tó wà dé nǹkan bíi mítà 5. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, a máa padà sí i níbi ọ̀rọ̀ POS.

Ọ̀nà kejì ni òpó GSM, tó dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ 2001. Òpó tí fóònù bá so mọ́ ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ àdúgbò tó wà, ṣùgbọ́n kò lè tọ́ka sí ilé. Ọ̀nà kẹta ni Wi-Fi àwọn ilé àti ọ́fíìsì tó wà nítòsí. Kí n fi èyí kún un fún àwọn tó máa ń pa "location" nítorí dátà: gbígba àmì sátẹ́láìtì kì í jẹ dátà rárá. Àwòrán máàpù ló ń jẹ ẹ́. Ẹ lè fa máàpù gbogbo Alímọ̀ṣọ́ sílẹ̀ sórí fóònù níbi tí Wi-Fi wà, kí ẹ máa lò ó láìsí dátà. Láti ìgbà tí àjọ NCC, tó ń bójú tó iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìn-ín-ní 2025 pé owó ìpè àti dátà lè fi tó ìdajì lé sí i, ó yẹ kí gbogbo ọlọ́kadà ti mọ èyí.

Sátẹ́láìtì ti ṣe tirẹ̀. Ó ti fún wa ní òǹkà méjì tó sọ ojú ilẹ̀ tí a wà. Ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ yàtọ̀ sí ilé. Kò sí sátẹ́láìtì tó mọ̀ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọ ilé yìí, pé géètì iwájú ti di ṣọ́ọ̀bù, pé wọ́n máa ń ti òpópónà yìí pa láti aago mẹ́wàá alẹ́, tàbí pé nígbà òjò kò sí ọ̀nà níbẹ̀ mọ́. Ìmọ̀ èèyàn ni ìyẹn. Àwọn tó ń kiri ọjà ní ayé àtijọ́ mọ ọ́n dáadáa. Ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ mọ ojúlé tí wọ́n ti ń jí ní kùtùkùtù, ó mọ ilé tí wọ́n ń ra àwìn tí wọn kì í san, ó mọ ìgbà tí àwọn kápíńtà máa ń sinmi láti jẹun, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń gbà kọjá lásìkò náà. Ohun tí àwọn áàpù ìgbàlódé ń sáré láti kọ́ nípa wa nìyẹn, tí oníkiri ti ní lórí tipẹ́.

Ẹ wo bí àwọn áàpù náà ṣe wọlé tọ̀ wá. Jumia àti Konga, tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012. Uber, tó ń gbé èrò, dé ní oṣù Keje 2014. Taxify, tí a ń pè ní Bolt báyìí, dé ní 2016. Glovo àti Chowdeck, tó ń gbé oúnjẹ, bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Nígbà tí 2023 ń parí lọ, Jumia ti apá tó ń gbé oúnjẹ pa, Bolt náà sì kó tirẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà. Gbogbo wọn ló bá ìṣòro kan náà pàdé: ará Èkó mọ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún àlejò. Ọ̀nà tí Jumia gbà yọ ara rẹ̀ ni kó ṣí àwọn ibùdó tí oníbàárà yóò ti wá gbé ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ilé iṣẹ́ tó ní òun máa gbé ọjà wá bá wa nílé tún ní kí á máa bọ̀ wá gbé e! N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí kò rí ilé kò lè kan ilẹ̀kùn.

Ní ti owó gbígbé, jíjìn ibi tí ẹrù tàbí èrò ń lọ ni áàpù fi ń ṣírò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí máàpù ṣe rí i. Máàpù lè rí ọ̀nà láti Ìgàndò sí Ìjẹ̀gún kó sì wọn gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò tó wà lójú ọ̀nà kò sí nínú ìṣírò. Àwọn awakọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pe èrò kí wọ́n tó gbéra: "Ibo lẹ ń lọ?" Bí èrò bá ti dárúkọ abúlé kan lẹ́yìn Ìkòtún, lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ti fagi lé e. Inú máa ń bí wa. Àmọ́ owó epo àti owó mẹkáníìkì ni wọ́n ń dáàbò bò. Bíbàjẹ́ ọ̀nà wa ló ń lé wọn, bí ìlú wa tilẹ̀ wà lórí máàpù.

Púpọ̀ nínú ọjà tí à ń tà ní Alímọ̀ṣọ́ kò tiẹ̀ gba orí áàpù ńlá kọjá. Orí WhatsApp ni. Ìyá tó ń ta lésì ní ọjà Ìkòtún á gbé àwòrán sórí sítétọ́ọ̀sì, ẹnì kan á fèsì láti Ayọ̀bọ̀, wọ́n á dúnàá dúrà, owó á wọlé sórí OPay tàbí Moniepoint, ọlọ́kadà tí ìyá náà mọ̀ á sì gbé e lọ. WhatsApp ní ibi tí èèyàn ti lè fi ibi tó wà ránṣẹ́. Ọ̀nà méjì ló pín sí, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkíní ń fi ojú kan ṣoṣo ránṣẹ́, kì í yẹ̀. Èkejì, tí wọ́n gbé jáde ní 2017, ń tẹ̀ lé èèyàn káàkiri fún ìṣẹ́jú 15, wákàtí kan tàbí wákàtí 8, èyí tó bá yàn. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìkẹjà, tó tẹ èkejì ránṣẹ́ sí ọlọ́kadà pé kó gbé ẹrù lọ fún ìyàwó òun ní Ìpájà, Ìkẹjà ló ń pe ọmọ ọlọ́mọ lọ. Mo sì bẹ ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń tajà: ẹ má fi wákàtí 8 ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Ìṣẹ́jú 15 ti tó kó fi débẹ̀, ẹ sì lè pa á nígbàkúùgbà.

Ọ̀nà kan wà tí ó dára, tí kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Google ti fún gbogbo ojú ilẹ̀ ayé ní kóòdù kan tí wọ́n ń pè ní Plus Code láti 2015, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tẹ ilé rẹ̀ pẹ́ lórí Google Maps yóò rí i. Bí a bá kọ ọ́ ní kíkún, kóòdù Alímọ̀ṣọ́ pátá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6FR5. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló ń ya ilé kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, títí kóòdù náà yóò fi mú ilẹ̀ tí ìbú àti gígùn rẹ̀ kò ju mítà 14 lọ. Bóyá ilé wà ní òpópónà tó lórúkọ tàbí inú àgbàlá tí ẹnikẹ́ni kò forúkọ sọ, ó ní kóòdù. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó tó gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì títí dìgbà tí a bá rí ojúlówó.

Mo wá dé orí ohun tó ká mi lára jù, ọ̀rọ̀ àwọn oní-POS tó ń fún wa lówó lábẹ́ agboòrùn.

Níbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó, tí náírà wọ́n bí ojú, tí èèyàn ń sùn sẹ́nu ọ̀nà báńkì, àwọn oní-POS wọ̀nyí ni a sá bá. Wọ́n gbowó lórí owó, òótọ́ ni, àwọn mìíràn sì gbà á ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀. Báńkì ò sí lẹ́sẹ̀ ilé wa, agboòrùn wà. Láti Ìyànà Ìpájà dé Ìṣẹ̀rì, kò sí ibùdókọ̀ tí wọn kò sí.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2025, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ POS. Ó ní kí wọ́n so gbogbo ẹ̀rọ tó wà nígboro mọ́ ojú ibi tí oníṣòwò náà fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì iṣẹ́ rẹ̀. Ó fún wọn ní 60 ọjọ́. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa sọ ibi tó wà nígbà tí owó bá ń kọjá lórí rẹ̀, iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá mítà 10 sí ojú ibi tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí. Èrò náà dára. Jìbìtì ti pọ̀ jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú kan ń gbowó ní ìlú mìíràn, ajínigbé ń fi gba owó ìtúsílẹ̀, ọlọ́pàá á sì lọ sí àdírẹ́sì tí ó wà nínú ìwé kí wọ́n tó rí i pé ilẹ̀ òfìfo ni.

Mítà 10, bí ìṣísẹ̀ mẹ́tàlá ni. Ẹ rántí nọ́ńbà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: fóònù tó dára, lábẹ́ ọ̀run tí nǹkan kò bò, lè fi mítà 5 ṣìnà. Ìdajì àyè tí wọ́n fún wọn ti lọ kí ẹ̀rọ tó ṣe ohunkóhun. Àwọn CBN mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ̀rọ máa gba àmì sátẹ́láìtì lórí ìgbì méjì, èyí tó ń dín àṣìṣe kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilé alájà mẹ́ta ni agboòrùn máa ń wà, tàbí abẹ́ páànù, níbi tí àmì ń lu ògiri kó tó dé. Àti pé oní-POS kì í dúró lójú kan. Òjò rọ̀, ó sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn yí, ó yí tẹ̀ lé òjìji. Ilẹ̀ ṣú, ó lọ sídìí iná ṣọ́ọ̀bù tó wà lódìkejì ọ̀nà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìyípadà yìí lè gbé e kọjá ààlà.

Ẹ wá wo èyí tó burú jù. Àwọn òṣìṣẹ́ LAGESC, tí gbogbo wa ṣì ń pè ní KAI, ní iṣẹ́ láti lé àwọn tó ń tajà sẹ́bàá títì. Òfin Èkó wà lẹ́yìn wọn. Nítorí náà, ọ̀gá kan ń sọ fún ọmọbìnrin tó ń ṣe POS pé kó má kúrò lójú kan, ọ̀gá kejì ń sọ fún un pé bó bá wà lójú kan náà, àwọn á kó agboòrùn rẹ̀ lọ. Bó bá ṣègbọràn sí ìjọba àpapọ̀, ó ti ṣẹ̀ sí ìjọba ìpínlẹ̀. Bí wọ́n bá sì bi í pé kí ni àdírẹ́sì rẹ̀, kí ni yóò sọ? "Iwájú ilé tó kọjú sí ibùdókọ̀"? Fọ́ọ̀mù kò ní àyè fún ìyẹn, á wá kọ nọ́ńbà ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, onílé náà ò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ibi tí àdírẹ́sì irọ́ ti ń wá, ọ̀nà kan tó ń gbà wọlé nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ní in lọ́kàn láti ṣe jìbìtì.

Kí n má gbàgbé àwọn tó ń fi fóònù yáni lówó. Àwọn kan lára áàpù wọn máa ń gba ibi tí èèyàn wà àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tó mọ̀, kí wọ́n lè dójú tì í bí kò bá san. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn ní 2022, Ààrẹ Tinubu sì fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni ní oṣù Kẹfà 2023. Òfin yẹn fún yín ní ẹ̀tọ́ láti bi ilé iṣẹ́ pé kí ni wọ́n mọ̀ nípa yín, àti láti ní kí wọ́n pa á rẹ́. Áàpù tó ń yáni lówó kò nídìí láti mọ ibi tí ẹ sùn lánàá. Ẹ wọ inú "settings" fóònù yín, kí ẹ gba àṣẹ náà padà.

Ká padà sórí àdírẹ́sì: ta ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ Google ni. Google ya fọ́tò òpópónà Èkó sórí máàpù ní 2018, wọ́n sì ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló ni ìlú. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Sísọ ojú ọ̀nà àti òpópónà lórúkọ, àti fífi nọ́ńbà sí ilé, wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Kò sí níbẹ̀ pé kí á dúró de Amẹ́ríkà.

Alímọ̀ṣọ́ kò sì lè ní òun ò ní aláṣẹ. Ìjọba Èkó ti pín wa sí mẹ́fà láti 2003: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìkòtún-Ìgàndò, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, Mọ̀sán-Òkúnọlá àti Àgbádó-Òkè Odò. Alága mẹ́fà, kánsílọ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Ìlú tó tóbi ni. Ìkànìyàn 2006 ti àjọ NPC ní a jẹ́ 1,277,714. Ìjọba Èkó ka tirẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, ó ní a jẹ́ 2,047,026. Iye tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì ju 760,000 lọ. Ibi tí wọn kò ti fi nọ́ńbà sí ilé, kò yà mí lẹ́nu pé wọn kò rí gbogbo ẹni tó ń gbé inú ilé kà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: owó kò sí. Òǹtẹ̀ nọ́ńbà lára ògiri kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tó ń gba owó orí ilé bá fẹ́ gba tiwọn, wọ́n máa ń fi ọ̀dà kọ nǹkan sára géètì láàárọ̀ kùtù, nọ́ńbà wọn kì í sì í sọnù. Kí wọ́n fi ọ̀dà kan náà kọ èyí tí a ó máa lò.

Àwọn ọmọ wa ní LASU àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga yòókù lè ran àwọn kánsù lọ́wọ́. OpenStreetMap wà láti 2004. Ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè fi orúkọ òpópónà sínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àwọn ẹgbẹ́ onílé bá wọn rìn, kí wọ́n yanjú àwọn òpópónà tí orúkọ wọn dọ́gba, nítorí Unity Street tó wà ní Èkó ju ẹyọ kan lọ, ọlọ́kadà ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin alága kánsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀. Kí ẹ tó tún gbé owó sílẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà àbáwọlé olówó ńlá mìíràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọ́ọ̀dù kan ní kánsù kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi orúkọ sí gbogbo òpópónà rẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà sí gbogbo ilé rẹ̀, ẹ wọn ojú ibi tí àwọn oní-POS lè dúró sí láìsí pé KAI lé wọn, kí ẹ sì fún wọn ní ìwé tí báńkì yóò gbà. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ náà síta kí gbogbo ayé lè lò ó. Iṣẹ́ yín ni, òfin ti yàn án fún ìjọba ìbílẹ̀ láti 1999.